Yinni Yinni, Kẹ́ni Lè Ṣèmíràn

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìyìn-Èkìtì lọ sí Ìgèdè, tó rí àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè, kò ní ṣàì ké sí i pé, “Àroko bọ́dún dé o!” Àgbẹ̀ yóò nà ró, yóò ní “Àṣẹ o,” yóò sì tún ọkọ́ gbé. Onídìrí ń gba “Ojú gbooro o.” Aláró ń gba “Àrẹ̀dú o.” Ọdẹ ń gba “Àrèpa o.” Ìyá tó pàtẹ ata sẹ́bàá títì ń gbọ́ “Ajé á wọgbá o” lẹ́nu ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa kò dá ìkíni wọ̀nyí sílẹ̀ láti fi dá ẹnu lára yá. Wọ́n mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ kí àgbẹ̀ tó jẹ ohun tó gbìn, pé láàárín ìgbà tó kọ ebè àti ìgbà tó gún iyán, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà tí òun àti oòrùn nìkan yóò jọ máa wo ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dá sí i ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọkọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní yinni yinni, kẹ́ni lè ṣèmíràn.

Iṣẹ́ tuntun kan wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa báyìí tí kò tíì ní ìkíni. Pọ́díkáàsì ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2004 ni Ben Hammersley, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ lo orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn The Guardian, fún irú ètò tó jọ ti rédíò, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà sílẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá wù sì gbọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìyìn níbí. Ọmọ náà yóò dúró di òru, nítorí ọ̀sán kì í dákẹ́: ọkadà ń kọjá, àkùkọ ń kọ, ẹ̀rọ ìlọta ń ké. Yóò fi kúbùsù dí fèrèsé. Yóò pa fáànù bí ooru tilẹ̀ mú, torí gbohùngbohùn máa ń gbọ́ fáànù ju bí etí wa ti ń gbọ́ ọ lọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, yóò ki orí bọ àárín àwọn aṣọ tó fi kọ́, kí aṣọ lè gba ariwo. Ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú tó gbà sílẹ̀, ó lè lo alẹ́ méjì sí mẹ́ta lórí rẹ̀, kó máa gé ikọ́ àti “ẹ̀n-ẹ̀n” kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá owó dátà tí yóò fi gbé e sókè. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá rẹ̀ yóò bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Àwọn tó fi ohùn ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ kò dá nìkan wà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì olókùn ti wọ Èkó ní 1935, títí dé ìgbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣàn n'Ìbàdàn ní 1959, ẹni tó bá jókòó sídìí gbohùngbohùn ní ẹnìkan lẹ́yìn gíláàsì tó ń nàka sí i pé ó dáa. Ó ní ọ̀gá tó lè bá a wí. Owó oṣù ń dé. Lẹ́tà àwọn olùgbọ́ ń wọlé láti abúlé tí kò dé rí. Bó bá ń kọjá lọ́jà, wọn yóò máa fi orúkọ ètò rẹ̀ pè é. Onípọ́díkáàsì tiwa kò ní ìkankan nínú gbogbo èyí. Ohun tó ní ni nọ́ńbà kan lójú fóònù, nọ́ńbà náà sì kéré.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dákẹ́. Wọ́n á ṣe apá kìn-ín-ní, apá kejì, apá karùn-ún, ẹ ò wá ní gbọ́ wọn mọ́. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi ò gbà. Ọ̀lẹ kò ní fi òru gé ikọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ohun tó pa iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń dúró de ìyìn ńlá láti ọ̀dọ̀ ogunlọ́gọ̀ tí wọn ò mọ̀, wọn ò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ìyìn kékeré bọ́ ara rẹ̀ títí ogunlọ́gọ̀ yóò fi dé. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo tún fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe dídùn ẹnu lásán. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń san ẹ̀san fún iṣẹ́ kékeré tó dára ló máa ń ní ojú tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀pọ̀ àgbà Èkìtì kò ní fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Uyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ là ń pe ara wa, a sì mọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Christ's School sílẹ̀ l'Ádó ní 1933, ọmọ tó bá mú káàdì wálé, tó ṣe ipò kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dúró dè é: “Ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní, ṣé orí méjì ló ní ni?” Wọ́n bi mí ní ìbéèrè náà. Ó dùn mí, ó sì ràn mí lọ́wọ́. N kò ní bú àwọn tó bi mí. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti inú ìbéèrè yẹn jáde. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ènìyàn kan ló dúró níwájú ọmọ tó bi í. Baba tó bi í yẹn ló ta kòkó san owó ilé ẹ̀kọ́. Ìyá tó gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná ti ń bu ẹran sínú ọbẹ̀ ọmọ náà. Ìbáwí wà, ọwọ́ tó ń fani mọ́ra sì wà nítòsí. Ẹni tó dá wà nínú yàrá lóru, tó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá orí méjì ni ẹlòmíràn ní, ìbáwí nìkan ló ní. Kò sí ẹni tó ń bu ẹran fún un. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yóò gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oko, nítorí àwọn àgbẹ̀ wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí oṣù keje bá ń parí lọ, tí oṣù kẹjọ ń wọlé, àgbẹ̀ á lọ yẹ iṣu rẹ̀ wò. Kì í tú ebè ká. Yóò fi ọwọ́ rọra gbá iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan kúrò títí iṣu yóò fi yọjú, yóò gé e lábẹ́ orí rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí gbòǹgbò mì. Yóò wá kó iyẹ̀pẹ̀ padà, yóò fi bo orí tó ṣẹ́ kù, nígbà tí ewé ṣì ń tutù lórí igi tó fi gbè é. Láàárín oṣù mélòó kan sí i, orí yẹn yóò tún ta. Ohun tó bá ta ni èbù tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Iṣu àkọ́wà yìí ni ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì fi ń ṣe ọdún Ìjẹṣu. Ìlù ń dún, àwọn àna ń gba iṣu tuntun, odó ń ró láti agboolé dé agboolé, bẹ́ẹ̀ ìkórè kò tíì parí o. Iṣẹ́ ṣì wà nínú oko. Èbù kò tíì ta. Kò sí ẹni tó fi ìka bu àgbẹ̀ pé ó yá a lójú jù, pé kó dúró kí gbogbo abà kún ná. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tó bá tọ́ iṣu tuntun wò láàárín ọdún ni yóò ní agbára láti padà lọ ro èyí tó kù.

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í rí. Iṣu àkọ́wà ló ń sọ fún àgbẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ. Bí iṣu ìhà òkè bá tóbi, tí ti ìhà odò rán, ó ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti rẹ̀. Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, yóò rí i. Bó ṣe ń jẹ ẹ̀san rẹ̀ náà ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Adùn àti àyẹ̀wò jọ wà nínú odó kan náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Ó yẹ ká rántí ọmọ Ìyìn kan níbí. Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, tí a bí ní ìlú yìí ní 1928, wọ iṣẹ́ ológun ní 1948. Ní 1953 ni wọ́n fi joyè ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ní 1966 ló di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1971. Láàárín ọjọ́ tó wọṣẹ́ àti ọjọ́ tó di gómìnà, iṣẹ́ ológun kò sọ fún un pé kó máa ṣe é lọ, pé bó bá dé òkè tán ni àwọn yóò fi nǹkan sí i léjìká. Ipò kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìkíni tirẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tó le ju iṣẹ́ ológun lọ, kò sì sí èyí tó ń fi ẹ̀yẹ kéékèèké gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ gòkè tó o. A kì í ti òkè gun igi. Bí àwọn tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń kojú ìbọn bá mọ èyí, kí ló dé tí ọmọ tó ń dá di gbohùngbohùn mú yóò fi ní òun ò ní yọ̀ títí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò fi gbọ́ òun?

Àwọn onímọ̀ náà ti wò ó. Teresa Amabile, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ní Amẹ́ríkà, àti Steven Kramer ní kí òṣìṣẹ́ 238 ní ilé iṣẹ́ 7 máa kọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe rí sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000 kí wọ́n tó kó o jọ, ìwé tí wọ́n fi ṣe, The Progress Principle, sì jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo ohun tó ń mú kí ọjọ́ iṣẹ́ dára, kò sí èyí tó lágbára tó kí ènìyàn rí i pé òun sún síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ kan, nínú iṣẹ́ tó ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n wá bi àwọn ọ̀gá 669 léèrè pé kí ni wọ́n rò pé ó ń fún òṣìṣẹ́ ní ìmísí. Àwọn ọ̀gá náà fi ìlọsíwájú yìí sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mi ò rò pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Ìṣísẹ̀ kékeré kì í pariwo ni. Ẹni tí kò bá dúró wò ó, yóò kọjá lára rẹ̀. Onípọ́díkáàsì sì ni òṣìṣẹ́, òun náà ni ọ̀gá. Bó bá jẹ́ irú ọ̀gá yẹn fún ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà á fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́.

Àbúrò mi kan ń gba àlọ́ àti ìtàn ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìlú yìí, ní èdè Èkìtì pọ́nńbélé. Ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ jókòó dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o. Mo fẹ́ fi nǹkan yìí sílẹ̀. Ó ti sú mi.”

Ó na fóònù sí mi kí n rí iye àwọn tó gbọ́ ọ. N kò wò ó. Mo bi í pé kí ló ṣe dáadáa nínú èyí tó gbé jáde gbẹ̀yìn. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kò sí. Mo ní kó tan án kí a jọ gbọ́ ọ.

Màmá àgbàlagbà kan ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ tajà l'Ádó ní kùtù hàì nígbà tó wà ní ọmọdébìnrin, ẹrù lórí, òkùnkùn ṣì ṣú. Ó sọ ọ́ dé ibì kan, ó dákẹ́. Nínú àwọn èyí tí àbúrò mi ti ṣe tẹ́lẹ̀, bí àgbà bá ti dákẹ́ báyìí, òun náà á ti ju ìbéèrè mìíràn sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ nǹkan kan. A gbọ́ ewúrẹ́ tó ké níta. A gbọ́ tí àga gbin. Màmá náà wá fi ohùn kékeré bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi ń rin ọ̀nà náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Mo ní kó dá a dúró níbẹ̀. “Kí ló dé tó ò bi í ní ìbéèrè?”

“Mo fẹ́ bi í, ẹ̀gbọ́n. Mo wá rí i pé ojú rẹ̀ ti lọ sọ́nà jíjìn. Mo ní kí n fi í sílẹ̀.”

“Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.”

“O rí i pé iṣẹ́ lo ṣe yẹn. Àwọn tó ti ń ṣe é fún ogún ọdún, àwọn mìíràn nínú wọn ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.”

Kò sọ fún mi pé òun ò ní fi í sílẹ̀ mọ́. Ó kàn bi mí bóyá a lè tún ibẹ̀ gbọ́. A tún un gbọ́. Ní ìgbà kejì yìí, òun fúnra rẹ̀ ló nàka sí ibòmíràn tí ohùn tirẹ̀ ti ga ju ti màmá lọ, ó ní òun yóò tún un ṣe. N kò sọ fún un o. Ojú tó fi rí èyí tó dára ló fi rí èyí tó kù káàtó.

Ẹni tó bá ti gbọ́ akéwì níwájú ọba tàbí lójú agbo yóò mọ̀ pé oríkì kì í sọ pé “o káre” kó sì dákẹ́. Oríkì máa ń dárúkọ. Ó mọ odò tí ẹni náà là kọjá, ẹran tó pa, ọjà tó dá, bó ṣe ń rìn wọlé. Ìyìn tí kò lórúkọ kò ní egungun. Nítorí náà, ẹni tó ń yin ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ pé “mo gbìyànjú.” Kó ní: lónìí, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ mi kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lónìí, mo pe orúkọ àlejò mi bí ó ṣe yẹ kí a pè é. Lónìí, kò sí ariwo fáànù. Bí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Kó ra ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọ́ sí, nítorí ọkàn tó rẹ̀ máa ń gbàgbé ire kíákíá, ó sì máa ń rántí ibi fún ọdún púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyìn ni ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn náà kò gbọ́dọ̀ wúwo ju iṣẹ́ lọ. Kì í tán nínú igbá osùn ká má rí fi pa ọmọ tuntun lára. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò ní nǹkan tí òun lè fi yẹ́ ara òun sí. Oorun ọ̀sán kan tí ẹnikẹ́ni kò ní jí i. Iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ níbi tó mọ̀ l'Ádó, lọ́jọ́ tí apá karùn-ún bá jáde. Okùn gbohùngbohùn tuntun dípò èyí tó ti fi téèpù wé. Bó bá ṣe mẹ́wàá láìfọ́ àdéhùn ọjọ́ tó dá fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀, kó wọ mọ́tò gba Ìgèdè àti Aràmọkọ lọ sí Ìkògòsì, kó ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kó pa fóònù rẹ̀ fún ọjọ́ náà. Kó san ẹ̀bùn náà lọ́jọ́ tó bá tọ́ sí i gan-an. Ẹ̀bùn tí a sún síwájú lọ́pọ̀ ìgbà ti di gbèsè tí a jẹ ara wa, ọkàn kì í sì í gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Ó yẹ ká ṣọ́ra níbì kan, torí àṣejù baba àṣetẹ́. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí onírìbọ́ọ̀nù fún àwọn kan bí wọ́n bá yà á. Wọ́n yà á, wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí kò sí ìlérí kankan mọ́, ìfẹ́ àwọn ọmọ yẹn sí àwòrán ti dín kù gan-an. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìwé ẹ̀rí náà lójijì, láìṣèlérí, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ronú lórí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ìfẹ́ ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Àdéhùn ló sọ ọ́ di owó iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ń sáré parí apá kan nítorí ẹran tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fo àyẹ̀wò, tó ń fi ikọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ nítorí pé ọjọ́ ẹ̀bùn ti tó, ti ń jẹ èbù rẹ̀. Kí ẹ̀bùn máa tẹ̀lé iṣẹ́ tó dára. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, kó tún un ṣe kó tó jẹun. Ọkàn rẹ̀ ni adájọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gba rìbá.

Nípa iye àwọn tó ń gbọ́, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ òun la ó fi máa wọn ẹ̀san. Ètò ẹlòmíràn lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni pé o ṣe é, o ṣe é lọ́jọ́ tó o dá, o sì ṣe é dáadáa ju èyí tó ṣáájú lọ.

Àwọn kan yóò ní àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nígbà tí irinṣẹ́ àwọn kò tíì pé, tí ohùn àwọn kò tíì jọ ti rédíò. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì, ń ṣe iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní ìparí ọdún 1997, tí kò sì lè rìn mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ti ka iṣẹ́ rẹ̀ sí ohun tó parí. Ní 1998, rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rẹ̀, Bitter Experience, jáde. Lónìí, ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀, Fresh FM, ń dún láti Ìbàdàn títí dé Adó-Èkìtì wa níbí. Ká ní ó ti sọ pé òun ò ní ka ohunkóhun sí àṣeyọrí títí òun yóò fi ní ilé iṣẹ́ rédíò, rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ yẹn kì bá tí sí.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó máa dá yin ara rẹ̀ títí ayé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn baba wa ní àáró: bí a bá ro oko tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Kí ni ìdí tí àwọn onípọ́díkáàsì Ìyìn, Ìgèdè àti Adó kò fi lè ṣe àáró etí? Kí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún máa pàdé lóṣooṣù, kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan pàtó tó dára nínú ti ẹnì kejì rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá dárúkọ èyí tó yẹ ní títúnṣe. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fóònù l'Ádó kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ohùn tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ilé ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ yí wa ká. Ohun tó kù ni kí a jókòó pọ̀.

Àwa òbí àti ẹ̀gbọ́n náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí o bá mọ̀ pé ọmọ ilé rẹ ń ṣe é, gbọ́ ọ. Má kàn fi àmì ọwọ́ tó nàró ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Sọ fún un pé ibi báyìí báyìí ló mú ọ rẹ́rìn-ín, pé ibi báyìí ni ìtàn ti rú ọ lójú. Kò ní gbà ọ́ tó wákàtí kan, o sì lè máa gé ẹ̀fọ́ lọ bó o ṣe ń gbọ́ ọ.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà wa kò pọ̀ lórí ìwé. Orin ọ̀nà Adó tí màmá yẹn kọ, n kò gbọ́ ọ rí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìlú yìí sì ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò mi ti mú fóònù padà lọ sọ́dọ̀ màmá náà, ó tan ohùn rẹ̀ fún un gbọ́ níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Màmá ní àṣìṣe kan wà nínú ẹsẹ kejì, pé kó tún wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ kí òun lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pé òun sì ní ẹlẹgbẹ́ kan tó mọ àwọn orin náà ju òun lọ.